Písítìnì ló là, àmọ́ ibòmíràn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè kan wọlé láti Birmingham, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Ford Model T ọdún 1922 kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Trafford Park ní Manchester. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kan gbà-gbà-gbà, ó ń mu ọ́ìlì bí ẹní mu omi, kò sì lágbára láti gun òkè. Mo tú u palẹ̀. Písítìnì onírin mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan ti là nísàlẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ní tí mo bá fi ọ̀kan tó ṣì dáa ránṣẹ́, òun mọ àwọn tó ń da alumíníọ̀mù, wọn á da mẹ́rin tó jọ ọ́, ẹlẹ́rọ léèdì á sì fá a dé ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Owó rẹ̀ kò ní tó ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n pè fún mi níbí. Mẹkáníìkì kan níbí tún sọ pé kí n yọ gbogbo bẹ́ríǹgì àtijọ́ inú rẹ̀ dànù, kí n fi ti ìgbàlódé bíi ti Toyota sí i. Èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ọkọ̀ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó ń kọ yín lóminú, bí mo ṣe lóye rẹ̀, ni pé ẹ ò fẹ́ ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè mẹ́ta ló sì lẹ̀ mọ́ra wọn nínú ọ̀rọ̀ yín: ṣé a lè wo písítìnì tó ti gbó ká fi ṣe tuntun, ṣé alumíníọ̀mù lè rọ́pò irin, kí la sì fẹ́ fi bẹ́ríǹgì ṣe? Ẹ̀kẹrin wà tí ẹ ò bèèrè, òun gan-an ló ń já mi láyà jù: báwo ni kíránkì yín, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí písítìnì ń ti, ṣe wà? Lójú tèmi, písítìnì ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí ẹ máa ṣe tàbí tí ẹ máa rà, nítorí inú ihò sílíńdà ló máa gbé, ihò sílíńdà sì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán lórí ìlà kíránkì. Ẹni tó bá fi písítìnì bẹ̀rẹ̀ ti fi òkè ilé ṣáájú ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ariwo kúrò lára písítìnì tó là. Písítìnì onírin tí àyè ti pọ̀ jù fún nínú ihò rẹ̀ máa ń gbá ògiri sílíńdà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ariwo rẹ̀ gbẹ, kọ-kọ-kọ ló ń dún, tí ẹ́ńjìnnì bá sì gbóná tán, tí irin ti wú díẹ̀, á rọlẹ̀. Ti bẹ́ríǹgì kọnródù, ìyẹn ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíránkì, kì í rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń le sí i, torí ọ́ìlì tó gbóná ti fẹ́lẹ́. Ford T tún ní ohun kan tó jẹ́ kó rọrùn láti mọ ibi tó ti ń kan: kọ́ìlì mẹ́rin tó ń ran iná sí epo ló wà nínú àpótí onígi rẹ̀, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi ìka tẹ irin pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lórí kọ́ìlì kan mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, sílíńdà yẹn kò ní jó epo mọ́. Tí ariwo bá bá a lọ, ẹ ti mọ ilé tó ń gbé. Ẹ ti tú tiyín, ìyẹn ò ṣeé ṣe mọ́ báyìí, àmọ́ gbà-gbà-gbà tó wúwo, tó ń jáde nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, kò jọ ti písítìnì létí mi. Ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Lílà tí písítìnì là lè jẹ́ àrùn tirẹ̀ lọ́tọ̀: èyí tí àyè ti pọ̀ jù fún, tó ti ń gbá ògiri láti ọdún gbọọrọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sábà máa ń là.

Nípa ká wo èyí tó gbó ká fi ṣe tuntun: ẹ̀yà tó ti gbó máa ń sọ òótọ́ nípa ìrísí, àmọ́ irọ́ ló ń pa nípa ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe é kò sì hàn lójú rẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ pè ní èyí tó ṣì dáa yẹn ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ń fara gbá ògiri, ihò tí písítìnì-pìnnì, irin tó so písítìnì mọ́ kọnródù, ń gbà kọjá ti fẹ̀, ojú ibi tí rínǹgì tó yí písítìnì ká ń jókòó sí ti ya. Ẹlẹ́rọ léèdì tó bá fá tuntun dé ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́, bó ṣe mọṣẹ́ tó, písítìnì tó ti gbó ló ṣe fún yín. Ibi tí kò jẹ ni kí ẹ lọ wọ̀n. Ẹ fi èékánná fa ògiri ihò sílíńdà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé ẹnu, ẹ ó kan èté kékeré kan. Òkè èté yẹn ni rínǹgì kì í dé, abẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì jẹ jù. Ìwọ̀n tí ẹ bá rí lókè èté àti nísàlẹ̀ pátápátá ni ìwọ̀n tí ihò náà ní nígbà tí wọ́n fá a kẹ́yìn. Ti Ford T láti ilé iṣẹ́ jẹ́ ínǹṣì 3¾, ìyẹn mìlímítà 95.25, písítìnì sì ń rìn ínǹṣì 4. Tí tiyín bá fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹnì kan ti rìbóòrù rẹ̀ rí, ìyẹn ni pé ó ti fá ihò náà kó fẹ̀ sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gígùn ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìbú rẹ̀, ní òkè, ní àárín, ní ìsàlẹ̀. Ní ìbú ló sábà máa ń fẹ̀ jù, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kọnródù ń ti písítìnì sí. Ara kíránkì náà ní ibi tí kò jẹ, etí ibi tí bẹ́ríǹgì kì í dé. Ẹ fi máíkírómítà wọ̀n ibẹ̀ kí ẹ fi wé àárín.

Ẹ̀yin sì ní oríire kan tí ẹni tó ra ọkọ̀ Yúróòpù ìgbà yẹn lè má ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ mọ́tò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló jẹ́ pé fáìlì ni wọ́n fi ń mú ẹ̀yà bára mu lọ́kọ̀ọ̀kan. Písítìnì ọkọ̀ kan kì í wọ èkejì, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá. Ní ọdún 1908, wọ́n kó Cadillac mẹ́ta lọ sí Brooklands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú wọn palẹ̀ níṣojú Royal Automobile Club, wọ́n da ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra, wọ́n yọ 89 nínú ẹ̀yà náà kúrò, wọ́n fi èyí tí wọ́n mú láti inú ẹrù títà rọ́pò, wọ́n sì fi sípánà àti sukurudíráfà tò wọ́n padà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré 500 máìlì. Ife ẹ̀yẹ Dewar ni Cadillac gbà fún un, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó ibẹ̀, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí lórí mọ́tò. Henry Leland tó wà nídìí Cadillac máa ń fi gééjì yẹ ẹ̀yà wò kó tó kúrò lójú ẹ̀rọ, ìlànà yẹn náà ni Ford gbé gun kẹ̀kẹ́ tó fi ṣe Model T tó lé ní mílíọ̀nù 15 láàárín 1908 sí 1927. Àwòrán ẹ̀yà wọn ṣì wà ní ibi ìkówèésí The Henry Ford ní Dearborn, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí. Kò sídìí tí ẹ ó fi lọ máa béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ irin tó ti jẹ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń da alumíníọ̀mù ní Ìbàdàn. N kò fojú kéré iṣẹ́ wọn. Ìkòkò tí wọ́n ń dà ni wọ́n fi ń se àsè káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú ìkòkò yẹn sì jẹ́ písítìnì mọ́tò kó tó di ìkòkò. Ṣùgbọ́n ohun tí ìkòkò ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí písítìnì ń fẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé irin tó bá yọ́ máa ń sún kì bó ṣe ń tutù. Tí wọ́n bá tẹ písítìnì yín sínú yẹ̀pẹ̀ láti fi ṣe mọ́ọ̀dù, tí wọ́n da alumíníọ̀mù sí i, ohun tó máa jáde á fi ohun tó lé ní mìlímítà kan kéré sí èyí tí wọ́n tẹ̀, kí ẹlẹ́rọ léèdì tó fọwọ́ kàn án rárá. Kò wá sí ẹran tó kù lára rẹ̀ tí wọ́n máa fá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbẹ́ igi mọ́ọ̀dù nílùú òyìnbó fi ní rúlà tiwọn, èyí tí ínǹṣì rẹ̀ gùn ju ínǹṣì lọ. Ẹni tó bá mọ èyí lè ṣe mọ́ọ̀dù tó tóbi tó, mo gbà, ìṣòro kékeré nìyẹn.

Èyí tó le ni ohun tó wà nínú alumíníọ̀mù náà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe písítìnì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní LM13, ní sílíkọ́ọ̀nù tó tó ìdá 12 nínú 100, pẹ̀lú bàbà díẹ̀, mágínísíọ̀mù díẹ̀ àti níkẹ́ẹ̀lì. Sílíkọ́ọ̀nù ni kì í jẹ́ kó wú jù, tí kì í sì í jẹ́ kó tètè jẹ. Tí wọ́n bá yọ́ písítìnì Toyota pọ̀ mọ́ fèrèsé àti agolo, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó kù nínú rẹ̀, bóyá kí ẹlòmíì tún gbàgbé rínǹgì sára èyí tó fẹ́ yọ́, kí irin wọ̀ ọ́. Alumíníọ̀mù tó ti yọ́ sì máa ń fa gáàsì mọ́ra láti ara ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tó bá dì, gáàsì yẹn á di ihò wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Nínú ìkòkò, kò sóhun tó kàn án. Ní orí písítìnì tí iná ń bú lé lórí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ibẹ̀ ni lílà ti máa bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ìtọ́jú iná: èyí tí wọ́n bá dà tí wọn kò tún fi sínú ooru tó ṣe déédéé fún wákàtí mélòó kan á máa wú díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, wíwú tí kì í padà sẹ́yìn. Ẹ ó fá a dáadáa lónìí, á há mọ́ ògiri lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ti Ìbàdàn, ní ti písítìnì, ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tún máa padà sí Ìbàdàn, torí iṣẹ́ wà fún wọn nínú ẹ́ńjìnnì yìí.

Ṣé alumíníọ̀mù lè rọ́pò irin dídà? Ó lè rọ́pò rẹ̀, ó sì dáa jù ú lọ, tí wọ́n bá ṣe é fún alumíníọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ti pẹ́. Ní ọdún 1913, W. O. Bentley, tó ń ta ọkọ̀ DFP ní London nígbà náà, rí písítìnì kékeré kan tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n fi tẹ ìwé lórí tábìlì ní ilé iṣẹ́ DFP ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ òun, alumíníọ̀mù ìdá 88 àti bàbà ìdá 12, ó sì fi wọ ìdíje Tourist Trophy ọdún 1914. Nígbà tí ogun dé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú gba irú písítìnì yẹn. Ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ ni ìfúyẹ́ àti pé ó ń kó ooru kúrò lórí kíákíá, bí ìlọ́po mẹ́ta irin dídà tàbí kó fi díẹ̀ dín. Nínú Ford T, ìfúyẹ́ yẹn ló ń bá kíránkì sọ̀rọ̀, torí kíránkì náà tín-ín-rín, ojú ibi tó ti ń yí nínú bẹ́ríǹgì kò ju ínǹṣì 1¼ lọ, kò sì ní irin wúwo lódìkejì tó ń bá písítìnì dọ́gba. Gbogbo ìgbà tí písítìnì bá dé òkè tó fẹ́ yí padà, òun ló ń gbà á mọ́ra.

Àmọ́ alumíníọ̀mù ń wú tó ìlọ́po méjì irin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ihò yín: tí ìwọ̀n ooru bá fi 150 lé lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì tó wà tẹ́lẹ̀, irin tó fẹ̀ tó mìlímítà 95.25 á fi bíi 0.16 mìlímítà wú, alumíníọ̀mù tí kò ní sílíkọ́ọ̀nù púpọ̀ á fi bíi 0.31 wú. Orí písítìnì tún gbóná ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì tún gbóná ju ògiri tí omi ń tù lọ. Ìdí nìyẹn tí písítìnì alumíníọ̀mù gidi kò fi rí roboto. Ẹ gbé ọ̀kan sórí tábìlì, ẹ fi máíkírómítà mú un: orí rẹ̀ kéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí pìnnì wà sì kéré sí ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ẹran pọ̀ níbi pìnnì, ibẹ̀ ló máa wú jù. Tó bá gbóná tán ló tó máa rí roboto. Ẹlẹ́rọ léèdì tó bá fá a ní roboto láti òkè dé ìsàlẹ̀, nǹkan méjì ló kù fún un: kó fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ kó máa gbá ògiri ní òwúrọ̀, tàbí kó fi díẹ̀ sílẹ̀ kó há mọ́ ibẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé léèdì nìkan ò tó fún iṣẹ́ yìí, ó nílò ẹ̀rọ tó ń fá nǹkan ní bìrìkìtì ẹyin, ẹni tó bá sì ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe písítìnì tà tẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún pìnnì pẹ̀lú. Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé inú ẹnu kọnródù ni pìnnì ti ń yí. Nínú Ford T, bóòtì kan ló fún pìnnì mọ́ inú kọnródù, kò lè yí níbẹ̀, inú búṣì onídẹ tó wà lára písítìnì ló ti ń yí. Ẹni tó bá mú písítìnì ọkọ̀ míì tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ tiyín, tó ní kí ẹ fi sí i, ẹ bi í léèrè ibi tí pìnnì ti máa yí, bí jíjìn rẹ̀ sí orí písítìnì ṣe jẹ́, àti bóyá písítìnì kò ní kan orí ẹ́ńjìnnì tàbí kó dúró sísàlẹ̀ jù kí agbára má sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà. Ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, kí ìyàtọ̀ wọn má ju gíráàmù díẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi alumíníọ̀mù kan sáàárín irin mẹ́ta láé.

Bẹ́ríǹgì ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí pẹ́, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ti léwu jù. Ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yín ni Babbitt, àdàlù tánńganran púpọ̀ pẹ̀lú bàbà àti antimony díẹ̀, tí Isaac Babbitt ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1839. Wọ́n yọ́ ọ dà sínú kọnródù àti sínú ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, wọ́n wá fá a dé ìwọ̀n kíránkì. Ó rọ̀, ìyẹn ni mẹkáníìkì yín rí tó fi ní kí ẹ yọ ọ́ dànù. Àmọ́ rírọ̀ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ford T kò ní pọ́m̀pù ọ́ìlì. Fúláíwíìlì, àgbá irin ńlá tó ń bá kíránkì yí, ló ń bu ọ́ìlì tó ń dà á sẹ́nu páìpù kan tó ń ṣàn lọ síwájú, kọnródù sì ń ki ẹnu bọ ọ́ìlì nínú ọpọ́n tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ta á káàkiri. Kò sí fílítà. Ìdọ̀tí kékeré tó bá wọlé, Babbitt á gbé e mì, kíránkì ò ní há. Tí ọ́ìlì bá pẹ́ kó tó dé láàárọ̀, á fara dà á. Bẹ́ríǹgì pẹlẹbẹ inú Toyota náà ní ohun rírọ̀ lójú, àmọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, pọ́m̀pù àti fílítà ni wọ́n sì ṣe é fún. Àwọn kan ti fi sínú Ford T, wọ́n sì ń wà á, n kò ní parọ́ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí ó tó dúró, wọ́n á gé ẹran kúrò lára kọnródù àti lára ibi tí kíránkì jókòó sí, wọ́n á lọ kíránkì lójú lọ́nà tó péye gan-an, ẹni tó bá gbọ́n á tún fi pọ́m̀pù kún un. Owó tí gbogbo èyí máa jẹ ju ti Babbitt tuntun lọ, ohun tí wọ́n bá sì ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà.

Dída Babbitt kì í ṣe idán, àmọ́ ó ní àṣà tirẹ̀. Kọnródù gbọ́dọ̀ mọ́, kí wọ́n fi tánńganran pa inú rẹ̀ kí Babbitt lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí kọnródù náà gbóná kí wọ́n tó dà á, torí èyí tí wọ́n bá dà sára irin tútù á dì kó tó dé ìsàlẹ̀, á ní ìpele bí àkàrà tí kò jinná. Àwọn àgbà iṣẹ́ máa ń ki igi páìnì gbígbẹ bọ inú rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó: tí igi bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kò gbiná, ó ti tó. Nínú ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ihò tí Ford lu síbẹ̀ ni Babbitt fi ń di ara rẹ̀ mú, wọ́n á sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́ kó fún mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó fá a. Fífá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ béèrè nípa rẹ̀ dáadáa lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kíránkì ń gbà gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo, irin ìfá kan ló sì gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo wọn kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ní òun máa fi ọwọ́ ha wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lè ṣe é, tó bá jẹ́ àgbà, àmọ́ ẹ jókòó tì í. Bẹ́ríǹgì kẹta, èyí tó wà lẹ́yìn, tún ní iṣẹ́ mìíràn: òun ni kì í jẹ́ kí kíránkì sún síwá sẹ́yìn. Tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jẹ, àwọn mágínẹ́ẹ̀tì 16 orí fúláíwíìlì, tó yẹ kí àyè tó wà láàárín wọn àti kọ́ìlì màgínẹ́tò tó ń pèsè iná jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 1/32, á sún kúrò níbi tí wọ́n wà, iná á sì rọ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń pààrọ̀ kọ́ìlì nítorí iná tó rọ̀, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ríǹgì yẹn ló yẹ kí wọ́n wò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kíránkì ni. Irin sítíìlì tó ní fánádíọ̀mù ni Ford fi ṣe é, irin tó dáa fún ìgbà rẹ̀, àmọ́ mo ti sọ pé ó tín-ín-rín. Ohun tó ń dá a kì í sábà jẹ́ eré. Lẹ́yìn gíà ni ibi kẹrin wà tó ti ń jókòó, inú ìdérí róbótó kan tí bóòtì dè mọ́ ẹ̀yìn sọ́m̀pù, ọpọ́n ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Sọ́m̀pù yìí gùn, irin pẹlẹbẹ ni, ó sì ti gbá òkúta, wọ́n sì ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Tó bá ti wọ́, ibi kẹrin yẹn kò sí lórí ìlà ibi mẹ́ta tó kù mọ́. Kíránkì á máa tẹ̀ díẹ̀, á máa nà padà, nígbàkígbà tó bá yí, títí lílà tí ojú ò rí á fi bẹ̀rẹ̀ níbi kọ̀rọ̀, á sì máa gùn lọ. Ọjọ́ tó bá dá, ẹ lè máa wà á jẹ́ẹ́ lójú títì gbọọrọ. Bákan náà, tí ẹnì kan bá ti lọ ojú kíránkì rí tó sì sọ kọ̀rọ̀ ibi tí ojú náà ti pàdé apá rẹ̀ di igun mímú, tí kò fi í sílẹ̀ ní yíyípo bó ṣe wà, ó ti fi ọ̀bẹ sàmì síbi tó máa dá. Ẹ fi ọmọ ìka wo kọ̀rọ̀ yẹn. Kíránkì gbọ́dọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó máa fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀tù irin wò ó bóyá ó ti là, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí nǹkan mìíràn. Sọ́m̀pù sì gbọ́dọ̀ wọ inú férémù tí wọ́n fi ń nà á. Ẹgbẹ́ àwọn tó ni Ford T ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń mọ ẹni tó ní ọ̀kan.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú mi láìfi igbá kan bọ̀kan. Ẹ lè lo písítìnì onírin tó ṣì pé tí wọ́n ti lò rí. Ó rọ̀ jù lówó, kò sì burú fún ọkọ̀ tí ẹ kàn fẹ́ máa gbé lọ síbi àríyá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí mẹ́rin tí ìwọ̀n wọn bá ihò yín mu, èyí sì ṣòro tí wọ́n bá ti rìbóòrù rẹ̀. Ẹ lè ra alumíníọ̀mù tí wọ́n ti ṣe fún Ford T. Òun ni mo máa yàn, torí wọ́n ń ṣe é ní oríṣiríṣi ìwọ̀n tó ju ti ilé iṣẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó máa rìbóòrù wá fá ihò bá písítìnì tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó le jù ni kí wọ́n ṣe é fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Ó bójú mu fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n tí kò sí ẹ̀yà rẹ̀ lọ́jà. Fún Ford T, ìnáwó tí kò nídìí ni. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín láti fi písítìnì tó ga sókè mú kí ẹ́ńjìnnì le. Agbára ẹṣin 20 ni Ford ṣe é fún, kíránkì yẹn ló sì máa san gbèsè ohun tí ẹ bá fi lé e.

Ìbàdàn wá ńkọ́? Búṣì onídẹ fún písítìnì-pìnnì àti fún ìdí kẹ̀kẹ́ iwájú, gásíkẹ́ẹ̀tì onírin bàbà, ọwọ́ ìlẹ̀kùn, páìpù omi, àwo tó ń di páìpù èéfín mú: gbogbo èyí ni ẹlẹ́rọ léèdì àti alágbẹ̀dẹ ìgbàlódé níbẹ̀ lè ṣe dáadáa tí ẹ bá fi àwòrán tí ẹ kọ ìwọ̀n sí ránṣẹ́ dípò ẹ̀yà tó ti gbó. Ẹ kọ ìwọ̀n tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí ẹ lè gbà síbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rọ tó dáa tí inú rẹ̀ kì í dùn sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ irú tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín wíwé tó wà lára bóòtì, fún wọn, torí bó tilẹ̀ jẹ́ Manchester ni wọ́n ti to ọkọ̀ yín, tírẹ́ẹ̀dì Amẹ́ríkà tí igun eyín rẹ̀ jẹ́ dígírì 60 ló ní, kì í ṣe Whitworth ti Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ 55. Nọ́ọ̀tì kan lè wọ èkejì díẹ̀ kó tó há, ẹni tó bá fagbára lé e á ba méjèèjì jẹ́. Ó ṣì sàn fún yín ju ẹni tó ra Morris ìgbà yẹn lọ, tí Hotchkiss ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Coventry pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì mìlímítà, tí wọ́n sì wá fi orí bóòtì tó gba sípánà Whitworth sí i kí mẹkáníìkì Gẹ̀ẹ́sì má bàa bínú.

Láti ibi tí mo wà, n kò lè mọ bóyá ihò sílíńdà yín ṣì ní ẹran tó tó fún rìbóòrù kan sí i tàbí ó máa gba sílíìfù, ògiri irin tuntun tí wọ́n ń tì bọ inú ihò, n kò sì lè mọ bí sọ́m̀pù ṣe wọ́ tó. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa sọ. Ẹ̀yin ẹ kó kíránkì lọ fún àyẹ̀wò lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá pé, kí wọ́n na sọ́m̀pù, kí wọ́n da Babbitt, kí wọ́n fá ìlà rẹ̀, kí ẹ ra písítìnì mẹ́rin, kí wọ́n rìbóòrù bá wọn, kí ẹ sì wo ẹnu rínǹgì nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi wọ́n sí i: fún ihò tó tó ti Ford T, ìnǹṣì 0.011 sí 0.015 ni àyè tó yẹ kó wà láàárín ẹnu méjèèjì. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kíránkì ti là, ẹ má ra písítìnì kankan títí ẹ ó fi rí kíránkì mìíràn, bóyá àlòkù tí wọ́n ti yẹ̀ wò tàbí tuntun tí wọ́n fi sítíìlì ìgbàlódé ṣe, torí ìwọ̀n tó bá wá pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n máa fi fá Babbitt, owó rẹ̀ sì lè gba èyí tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà.